Ẹ yé fi ọ̀rọ̀ asari bú ọmọ ọlọ́mọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí NEPA tó mú iná. Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni ẹ ti ń pè mí sí ọ̀rọ̀ kan, ẹ ní ṣebí èmi ni mo máa ń fi Yorùbá ṣàlàyé géèmù, kí n wá wo ohun tí bọ̀dá kan kọ. Mo ti kà á. Ó ní Mass Effect ti kọ́ wa lọ́gbọ́n tí a kọ̀ láti gbọ́: pé AS tó bá fẹ́ AS, Ardat-Yakshi ni wọ́n fẹ́ bí, pé ìkà ni ìyá tó bá bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, pé ì bá sàn kí ọmọ náà má wáyé rárá. Ó wá fi ẹ̀rín parí rẹ̀. Ẹ wo iye èèyàn tó tẹ ọkàn pupa sí i.

Mo ti dé o. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn. Ẹni tó bá ń kánjú, kó máa lọ, a ó pàdé lọ́la.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ ò gbá a rí. BioWare ní Kánádà ló ṣe Mass Effect. Èkíní jáde ní 2007, èkejì ní 2010, ẹ̀kẹta ní 2012, wọ́n sì tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe, wọ́n kó wọn pọ̀ ní 2021. Ojú ọ̀run lọ́hùn-ún ni gbogbo ìjà náà ti ń ṣẹlẹ̀. Ìwọ ni Shepard, o ní ọkọ̀ òfurufú, o sì ń kó oríṣiríṣi ẹ̀dá jọ kí ẹ lè jọ jagun. Lára àwọn ẹ̀dá yẹn ni asari. Ara wọn dà bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró. Wọ́n lè lo ẹgbẹ̀rún ọdún láyé. Gbogbo wọn ló dà bí obìnrin lójú wa, kò sí akọ láàárín wọn, ẹyọ kan báyìí.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń bímọ? Ibẹ̀ gan-an ni ogun wà.

Ìwé àlàyé tó wà nínú géèmù náà sọ ọ́ kedere. Asari tó fẹ́ bímọ á yan ẹni tó bá wù ú. Ó lè jẹ́ èèyàn, ó lè jẹ́ krogan, ó lè jẹ́ turian, akọ tàbí abo, ó tiẹ̀ lè jẹ́ asari ẹgbẹ́ rẹ̀. Ojú asari náà á ṣú dúdú bí kóró iṣin, iṣan ara àwọn méjèèjì á wọnú ara wọn, ó parí. Bàbá ò fi nǹkan kan sílẹ̀. Jíìnì rẹ̀ kankan ò kọjá sára ọmọ. Ìyá ló ń mú apá méjèèjì wá láti ara tirẹ̀: apá kan á wọlé bó ṣe wà gẹ́lẹ́, apá kejì á wo bí iṣan ara ẹni kejì ṣe rí, á wá tún ara rẹ̀ tò bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá jáde, asari ni, ìgbàkigbà.

Ẹ rò ó báyìí. O gbé ànkárá rẹ lọ fún télọ̀, o ní kó wo sítáì tó wà lára ọ̀rẹ́ rẹ kó fi rán an. Tìrẹ ni aṣọ, sítáì lo yá. Ọ̀rẹ́ rẹ ò já òwú kan kúrò lára aṣọ tirẹ̀ fún ẹ.

Ẹ fi àpèjúwe télọ̀ yẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Ní kíákíá, kí n pa ti àwọn tó ń sọ pé asari ń fi oògùn bo ojú gbogbo ayé rì. Ibi tí ẹ ti rí i ni ilé ọtí kan ní Illium nínú èkejì, níbi tí ọkùnrin mẹ́ta ti jókòó tí wọ́n ń wo asari kan tó ń jó: èèyàn kan, turian kan, salarian kan. Olúkúlùkù wọn ní irú tòun ni asari jọ. Ó dáa, ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ ọmùtí mẹ́ta ni ẹ fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí? Ẹ wá síbi tí wọ́n ti ń ta páráǹga ládùúgbò wa lálẹ́ Sátidé, ẹ máa gbọ́ ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó ní bàbá asari kì í ṣe bàbá gidi nítorí kò fún ọmọ ní jíìnì, tiyín yẹ ní ìdáhùn díẹ̀. Nínú ilé ọtí yẹn kan náà, ẹni tó ń ta ọtí ni Aethyta. Asari àgbà ni, krogan sì ni bàbá rẹ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ṣé jíìnì ló kọ́ ọ ní gbogbo ọ̀rọ̀ gbàgà-gbàgà yẹn? Ẹni tó tọ́ ọ ni. Ẹ má jẹ́ ká lọ jìnnà jù. Ní Ìdí-Àràbà níbí, ní LUTH, ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Giwa-Osagie àti Ashiru ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ IVF láàárín 1980 sí 1989, tí wọ́n fi gbẹ̀bí ọmọ tí a lóyún rẹ̀ lóde ilé ọmọ ní 1989. Ìgbà yẹn náà, àwọn kan á ti wà ládùúgbò yìí tó ń bi ara wọn pé irú ọmọ wo nìyẹn. Ọmọ ni. Ó ké bí ọmọ, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ bí ọmọ.

Ó yá, Ardat-Yakshi.

Tí asari méjì bá bímọ fún ara wọn, wọ́n ń pe ọmọ náà ní ẹlẹ́jẹ̀ kan ṣoṣo, èébú sì ni láàárín wọn. Nínú irú àwọn ọmọ yẹn ni àrùn kan ti máa ń yọjú. Ẹni tó bá ní in, tó bá fi iṣan ara rẹ̀ wọnú ti ẹlòmíràn, á jó ọpọlọ onítọ̀hún, á pa á. Ardat-Yakshi ni orúkọ rẹ̀, èdè àtijọ́ wọn ni, ẹ̀mí èṣù inú afẹ́fẹ́ òru ló túmọ̀ sí. Obìnrin kan wà nínú èkejì tó ń jẹ́ Samara. Ọmọ mẹ́ta ló bí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Ardat-Yakshi. Méjì gbà láti lọ máa gbé níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn. Ẹ̀kẹta, Morinth, sá lọ, ó ń pa èèyàn kiri, ìyá rẹ̀ sì fi ohun tó ju irínwó ọdún lọ máa lé e.

Ibí ni bọ̀dá wa ti bọ́ sí i. Ó ní: "Ẹ ò rí i? Asari pẹ̀lú asari, AS pẹ̀lú AS. Ọ̀kan náà ni."

Kì í ṣe ọ̀kan náà. Kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Ẹ padà sọ́dọ̀ télọ̀.

AS ní apá jíìnì méjì, ọ̀kan dáa, ọ̀kan jẹ́ S. Tí AS méjì bá fẹ́ra, ọmọ á gba apá kan lọ́wọ́ ìyá, á gba apá kan lọ́wọ́ bàbá. Tí S bá wá láti ọ̀dọ̀ ìyá, tí S tún wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, SS nìyẹn. Àwọn méjèèjì ló gbé e wá. Tí bàbá bá jẹ́ AA, kò sí bí ọmọ ṣe máa jẹ́ SS. Ṣùgbọ́n a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán pé bàbá asari ò gbé nǹkan kan wá! Sítáì nìkan ló yá wọn. Báwo ni ẹni tí ò fún ọmọ ní jíìnì kankan ṣe máa fún un ní jíìnì burúkú? Ẹ dá mi lóhùn, mo ń dúró.

Ìṣirò tún wà. AS àti AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Kí ọmọ mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ SS, ìdá kan nínú 64 ni. Ó lè ṣẹlẹ̀, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n. Samara bí mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní in. Liara ńkọ́? Liara tó ti wà pẹ̀lú Shepard láti inú èkíní, asari ni Benezia ìyá rẹ̀, asari ni Aethyta bàbá rẹ̀. Ẹlẹ́jẹ̀ kan ṣoṣo ni, wọ́n sì fi bú u títí. Ara rẹ̀ le koko. Ṣé ẹ fẹ́ kí òun náà má wáyé ni?

Èrò tèmi rèé, BioWare ò sọ ọ́ o, èmi ni mo rò ó nígbà tí mo ń lọ aṣọ. Tí asari bá wo sítáì lára asari ẹgbẹ́ rẹ̀, sítáì yẹn jọ tirẹ̀ jù. Apá kejì tó yẹ kó yí padà ò wá yí padà tó. Apá méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, àbùkù tó bá sì ti fara pamọ́ sínú ìyá, kò síbi tó máa sá sí mọ́. Èyí jọ ohun tí àwọn bàbá wa ń sá fún tí wọ́n fi ń wádìí orírun kí àwọn ọmọ ẹbí kan náà má lọ fẹ́ra. AS méjì tí wọ́n pàdé níléèwé, tí ọ̀kan wá láti Ìjẹ̀bú, tí ìkejì wá láti Ọ̀fà, tí wọn ò bá ara wọn tan níbì kankan, kí ló pa wọ́n pọ̀ mọ́ ìyẹn?

Ẹ̀yin tó ń sọ pé "ẹ̀jẹ̀ burúkú", ẹ tiẹ̀ mọ ibi tí S ti wá? Ibà ló jẹ́ kó pọ̀ nílẹ̀ wa. Ibà kì í tètè pa ọmọ tó bá jẹ́ AS bó ṣe ń pa àwọn yòókù. Wọ́n yè, wọ́n dàgbà, wọ́n bímọ, S ń bá wọn lọ. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló gbé e. Mo wà lára wọn. Ó ṣeé ṣe kí bàbá ńlá mi kan ti yè nínú ibà nítorí S yẹn, ohun tó jẹ́ kí n wà níbí nìyẹn tí mo ń bá yín jà.

Ó tó àkókò kí n sọ ìdí tó fi ń dùn mí.

Ọdún 1990 ni àwọn òbí mi ṣègbéyàwó. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní jẹ́nótáìpù. Wọ́n wo ìran, wọ́n bèèrè bóyá wèrè wà nínú ẹbí, bóyá ẹ̀tẹ̀ wà, kò sí, wọ́n jó. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ bí. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń ké tọ̀sán-tòru. Màmá àgbà wò ó, wọ́n ní àbíkú ni, wọ́n sì fún un ní ọ̀kan lára àwọn orúkọ yẹn. Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí, ó máa bú mi. Ẹ mọ̀ wọ́n: Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrósinmí, Bánjókòó. Orúkọ ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n. Láyé àtijọ́ ẹlòmíràn ò ní bẹ̀ ẹ́, á fi abẹ kọ ọ́ lára kí ó má baà padà wá. Àwọn asari náà rí àìsàn, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀mí èṣù afẹ́fẹ́ òru. Kò sí èyí tó gbọ́n ju ìkejì lọ.

LUTH ni wọ́n ti wá mọ̀ pé SS ni. Fòníkú-fọ̀la-dìde. Mọ̀lẹ́bí kan sọ fún ìyá mi pé kó fọkàn balẹ̀, pé ọ̀kan nínú mẹ́rin ni wọ́n sọ, ọ̀kan ti bọ́, mẹ́ta tó kù á dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún yín láé. Oyún ò mọ̀ pé ẹlòmíràn ti kọjá níwájú òun. Tẹ́tẹ́ tuntun ni lójoojúmọ́. Ìyá mi gbà á gbọ́. Ọmọ kejì dé, obìnrin, SS. Mi ò bá a láyé.

Èmi ni ẹ̀kẹta. AS. Wọ́n ní ìyá mi ò lè ka ìwé náà, pé bàbá mi ló bá a kà á.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi ní géèmù. Bàbá wa ra Xbox 360 tòkunbọ̀ fún un ní Computer Village nítorí pé kò lè máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù nínú òjò. Tí ara ríro bá gbé e dè, á dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá omi gbígbóná lórí orúnkún, èmi á di pádì mú, òun á máa sọ ohun tí n máa ṣe. "Lọ bá Liara sọ̀rọ̀. Rárá, má yìnbọn, gbọ́ tẹnu rẹ̀ ná." Gbogbo ohun tí mo mọ̀ tí ẹ fi ń tẹ̀lé mi lónìí, láti orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ka ọ̀rọ̀ bọ̀dá yẹn kí èmi tó kà á. Òun ló fi ránṣẹ́ sí mi. Kò kọ nǹkan kan sí i.

Mo ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. "Àǹtí, ṣé kí AS máa fẹ́ AS ni?" Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Lọ́dún tó kọjá èmi àti ẹnì kan jókòó sórí báǹkì kan nítòsí ojú ọ̀nà Ìṣàgá pẹ̀lú ìwé méjì lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń gbé ní Ìdí-Àràbà mọ ibi tí mò ń sọ. Ilé Sickle Cell Foundation wà ní òdìkejì LUTH, ojoojúmọ́ ni ẹ máa rí ọkọ àti ìyàwó ọ̀la tí wọ́n di ìwé mú bí ẹni di ẹyin mú. A ka tèmi, a ka tirẹ̀. AS, AS. A tún un kà. Ó ra gúgúrú fún mi, a jẹ ẹ́ tán láìsọ̀rọ̀, a dìde. Mi ò tíì rí i láti ìgbà náà. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má kọ́ mi ní ohun tí tẹ́sítì wà fún.

Ọ̀tọ̀ ni kí ẹni méjì ro ara wọn wò kí wọ́n tó fẹ́ra. Ọ̀tọ̀ ni kí o dojú kọ ẹni tó ti wà láyé, tó ń mí, tó ń san owó ilé, kí o sọ pé ì bá má wà. Èkíní, ìpinnu ni. Èkejì, èpè ni. Ohun tí bọ̀dá yẹn ṣe ni pé ó gbé èkejì wọ aṣọ èkíní, ó wá fi géèmù ṣe gèlè rẹ̀.

Nǹkan bí 150,000 ọmọ SS ni wọ́n ń bí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Wọn ò nílò kí ẹ máa fi wọ́n ṣe àwàdà. Ẹ bínú nítorí owó oògùn tí ìyá wọn ò ní. Ẹ bínú pé IVF tí wọ́n fi lè ṣàyẹ̀wò oyún kí wọ́n tó gbé e sínú ìyá wà ní Èkó yìí, àmọ́ ta ló lówó ẹ̀? Ẹ wo Casgevy. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni ìlú Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i, Amẹ́ríkà tẹ̀lé e ní oṣù kejìlá. Wọ́n á gba sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n á tún jíìnì inú rẹ̀ ṣe, wọ́n á dá a padà sí i lára. Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni iye tí wọ́n fi lé e ní Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ adúláwọ̀ ni àrùn yìí pọ̀ sí jù láyé, ẹ wo iye tí wọ́n pè é. Ìyẹn ò tó yín-ín bínú sí? Ìyá Samara ni ẹ wá rí bínú sí.

Ẹni tó ní Samara ìbá ti pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́, mo mọ̀ dájú pé o ò gbá ẹ̀kẹta dé ibẹ̀.

Nínú ẹ̀kẹta, wọ́n kọlu ilé tí àwọn ọmọ Samara méjì yẹn ń gbé ní Lesuss. Rila kú. Ó ku Falere. Òfin tí Samara fi ara rẹ̀ jìn fún sọ pé Ardat-Yakshi ò gbọdọ̀ gbé lóde ilé yẹn, ilé náà sì ti wó. Ó yẹ kó pa á. Ó wo ọmọ náà, ó fa ìbọn yọ, ó sì kọjú rẹ̀ sí orí ara rẹ̀. Ìyá tó lé ọmọ kan fún irínwó ọdún kò lè pa èyí tó jókòó jẹ́ẹ́. Ní ìgbà yẹn, iná búlúù kékeré kan á tàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Tí o bá tẹ̀ ẹ́, Shepard á gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, Falere á sọ pé òun á dúró síbẹ̀ fúnra òun, òun ò nílò ògiri. Tí o ò bá tẹ̀ ẹ́, ó tán nìyẹn.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ọjọ́ kẹta tí ara ti ń ro ẹ̀gbọ́n mi ni, èmi ni mo di pádì mú. Mi ò tíì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó na ọwọ́ kọjá lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gba pádì lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́. A wò ó títí Falere fi padà sínú òkìtì àlàpà yẹn lọ jókòó.

Ó dá pádì padà fún mi, ó ní kí n lọ bá òun gbé omi gbígbóná mìíràn wá, pé èyí ti tutù.